Òfin Ọ̀gá Ló Ṣáájú

Ìbíyẹmí kì í fọwọ́ kan máòsì. Ní ọ́fíìsì kọ̀ǹpútà kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Okokomaiko tó ti ń ṣiṣẹ́, ojú dúdú kan ló máa ń ṣí lórí kọ̀ǹpútà, á tẹ àṣẹ síbẹ̀, kọ̀ǹpútà á sì ṣe é. Ẹ̀rọ tó ń bá wọn wá fáìlì wà níkàáwọ́ rẹ̀. Ẹ̀rọ yìí máa ń rìn wọ gbogbo fódà kọ́lẹ́ẹ̀jì, á ka ohun tó bá rí, kí ẹni tó ń wá nǹkan lè tètè rí i. Ìbíyẹmí ló ń kọ òfin fún un: wọ ibí, má wọ ọ̀hún. Òfin náà jẹ́ mẹ́rìnlá.

Ní Fúráìdè kan, aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, Tóyìn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ tẹ "ìdánwò" láti fi dán ẹ̀rọ náà wò. Aago méjìlá ni wọ́n fẹ́ ṣí i fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́.

"Àǹtí Ìbíyẹmí, ẹ wá wo nǹkan."

Ìbéèrè ìdánwò Mọ́ńdè ló jókòó síbẹ̀, tòun ti ìdáhùn.

"Ṣebí mo ní kó má wọ fódà ìdánwò?" Ìbíyẹmí ní kí kọ̀ǹpútà to gbogbo òfin síta. Òfin náà wà níbẹ̀, ìkẹsàn-án. Ó tún un kọ, ó ní kí ẹ̀rọ tún rìn. Ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún ló fi rìn. Ìdánwò tún yọjú.

"Ẹ̀rọ yín ò létí," Tóyìn ní.

"Tí wọ́n bá lé mi, ọ̀dọ̀ rẹ n'Íbà ni mò ń bọ̀."

"Yàrá kan ni mo ní o. Ẹ tún gbìyànjú."

Ìbíyẹmí fìka tẹ̀lé òfin látòkè. Àkọ́kọ́ ni ti Ọ̀gá Gbádébọ̀, olórí kọ́lẹ́ẹ̀jì: wọ fódà ọ̀gá àti gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Inú ibẹ̀ gan-an ni fódà ìdánwò wà. Nígbà tó ń to òfin, ó tò ó bí wọ́n ṣe ń kí èèyàn nípàdé: ọ̀gá, igbákejì ọ̀gá, títí dórí Maimunat tó ń tẹ ìwé ìdánwò, tó ni òfin ìkẹsàn-án, àtàwọn tó kù. Bí wọ́n ṣe tọ́ ọ l'Ékìtì nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ò màgbà. Òfin tó bá kọ́kọ́ bá fáìlì mu ló ń tẹ̀ lé, kì í ka ìyókù.

Àfi tí ọ̀gá bá fọwọ́ sí i, kò lè yí òfin kankan nípò. Ó lọ bá a.

"Sà, mo fẹ́ gbé òfin Maimunat ṣáájú tiyín."

Ọ̀gá bọ́ awò ojú. "Kí Maimunat ṣáájú mi?"

"Sà, ẹ̀yin lẹ nilé. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣọ́ géètì ni àlejò ń kọ́kọ́ bá pàdé. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ wà ní géètì, tẹ́ ẹ ń sọ pé kí gbogbo ayé máa wọlé ńkọ́?"

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ sí i. "Sọ fún un kó má sùn ní géètì o."

Ìbíyẹmí tẹ ìlà méjì: ọ̀kan gbé òfin ìkẹsàn-án dé òkè, èkejì ní kí ẹ̀rọ gbàgbé ohun tó ti kà. Ó ní kó tún rìn. Ó ku ìṣẹ́jú méjìdínlógún kí aago méjìlá lù nígbà tó parí. Tóyìn tún tẹ "ìdánwò". Tíméètébù ìdánwò nìkan ló jáde.

Wọ́n ṣí i fáwọn akẹ́kọ̀ọ́ lásìkò. Kó tó di aago kan, mọ́kànlélógójì nínú wọn ti tẹ "ìbéèrè ìdánwò". Ìbíyẹmí kà wọ́n. Tíméètébù ni gbogbo wọn rí.