Jíìpù tí Fàsásì Kàn Bí Ọkọ̀ Omi

"Bọ̀dá Ògúnsànyà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè é ní òkú. Mo ti rí òkú ọkọ̀ lójú ogun, mo sì mọ bí wọ́n ṣe ń rí. Èyí kàn sùn ni."

Ògúnsànyà mẹkáníìkì, ẹni tí Fàsásì ń bẹ̀ yìí, súnmọ́ jíìpù náà. Ó fi ìka gún ibi tí ìpáàrà ti jẹ irin náà, ìka rẹ̀ sì wọlé dé oríkèé kejì. Ó wá bojú wo àwọn ewúrẹ́ mẹ́ta tí wọ́n dùbúlẹ̀ sí ibi tí ó yẹ kí àga awakọ̀ wà.

"Ó dára," ni ó wí. "Bí ó bá jí, kí o kọ́kọ́ bi àwọn onílé yìí bóyá wọ́n fẹ́ kó jáde. Wọ́n ti pẹ́ níbẹ̀ jù ọ́ lọ."

Ẹ̀yìn ilé ìkẹ́rùsí kan ní èbúté Ìpakodò, ní Ìkòròdú, ni wọ́n dúró sí, ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1955. Jíìpù náà wà nínú àwọn tí àwọn ológun tà ní gbàǹjo nígbà tí ogun parí. Oníṣòwò pákó kan ni ó rà á, tí ó lò ó títí ẹ̀rọ rẹ̀ fi gan, tí ó sì wọ́ ọ jù sẹ́yìn ilé. Nígbà tí Fàsásì kan ọkọ̀ omi ńlá kan fún oníṣòwò náà tán, ọkùnrin náà ní òun kò ní ohun mìíràn tí òun yóò fi san iṣẹ́ náà ju jíìpù yìí lọ. Fàsásì gbà á. Gbogbo ẹni tí ó gbọ́ gbà pé wọ́n ti rẹ́ ẹ jẹ.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni Fàsásì. Ọkọ̀ omi ni bàbá rẹ̀ ń kàn, òun náà sì ń kàn án, àfi ọdún mẹ́ta tí ó fi wa ọkọ̀ fún àwọn ológun ní ilẹ̀ Bọ́mà nígbà ogun. Nígbà tí ó dé, ohun tí ó ń sọ fún Mùnírátù, ìyàwó rẹ̀, ju ìròyìn ìbọn lọ ni ti ọkọ̀ kékeré kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ ń fa ara wọn, tí ń la ẹrẹ̀ kọjá bí ẹfọ̀n. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré létí Mùnírátù. Ẹja yíyan ni ó ń tà. Ọkọ̀ omi rẹ̀ àtijọ́ ti fọ́ ní òjò ọdún tí ó kọjá, ẹja tí ó sì ń bá àwọn ẹlòmíràn kó gba orí ọ̀sà lọ sí Ìkòròdú, òjò a máa bà á jẹ́ kí ó tó gúnlẹ̀.

Ògúnsànyà da kẹrosíìnì sínú ẹ̀rọ náà, ó ní kí ó mu ún fún ọjọ́ márùn-ún. Ní òwúrọ̀ kọ̀ọ̀kan, wọn a fi irin yí i. Kò ní mira. Ní ọjọ́ kẹfà ó mira díẹ̀, ó sì dún bí àgbàlagbà tí a jí lójú oorun ọ̀sán. Láti ibẹ̀ lọ, ọgbọ́n ni wọ́n fi ṣe ohun tí owó ìbá ṣe. Ibi tí àgbá bẹntiróòlù ti ń jò, ọṣẹ ni wọ́n fi dí i. Rọ́bà inú kẹ̀kẹ́ ológeere ni wọ́n gé kí ó máa gbé omi lọ sí ara ẹ̀rọ. Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó bá èkejì tan.

Fàsásì wa egungun ọkọ̀ náà lọ sí Ẹ̀pẹ́, ó jókòó lórí àpótí. Ní Àgbówà, ìyá arúgbó kan pè é dúró.

"Ọmọ mi, ọkọ̀ rẹ dà?"

"Òun ni mo jókòó lé yìí, Ìyá."

"Háà. Ọlọ́run á jẹ́ kí o rí ìyókù."

Ìyókù ni ó kù lóòótọ́. Páànù kò ṣeé rà, pákó gidi náà kò ṣeé rà. Ṣùgbọ́n lábẹ́ òrùlé ilé ìdáná, pákó ìrókò mọ́kànlá wà, èyí tí bàbá Mùnírátù là sílẹ̀ fún un kí ó tó kú, pé kí ó fi kan ọkọ̀ tuntun. Fàsásì kò jẹ́ mẹ́nu kàn án. Mùnírátù fúnra rẹ̀ ni ó pè é wá síbẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ kan.

"Bàbá Kúbúrá, ẹ kó wọn."

"Pákó ọkọ̀ rẹ nìyẹn. Ìwọ ni Bàbá fi í sílẹ̀ fún."

"Bàbá mi ní kí n fi kan ohun tí yóò máa gbé ẹja mi dé ọjà. Wọn kò dárúkọ omi."

"Bí jíìpù bá wá kọ̀ tí kò lọ ńkọ́?"

"Ẹ̀yin kọ́ ni ẹ ní ó kàn sùn ni?"

Fàsásì kó àwọn pákó náà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wúwo lọ́kàn rẹ̀ jù wọ́n lọ. Bí jíìpù yìí kò bá dé Ìkòròdú nígbà òjò, ìyàwó rẹ̀ kò ní ọkọ̀ omi, kò sì ní ọkọ̀ ilẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni ó fi ṣe iṣẹ́ náà. Kò mọ bí a ti ń kan ara ọkọ̀ ilẹ̀. Èyí tí ó mọ̀ ni ó ṣe. Ó fi etí pákó kan lé orí èkejì, ó gbé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sókè, kò sì dá ilẹ̀kùn sí i, nítorí ta ni ń dá ilẹ̀kùn sí ọkọ̀? Ẹni tí ó bá fẹ́ wọlé yóò gbé ẹsẹ̀ kọjá. Lẹ́yìn èyí ni ó fi òwú tí a rẹ sínú ọ̀dà dí ojú gbogbo ìpàdé pákó, tí ó fi irin tẹ̀ ẹ́ wọlé, tí ó sì da ọ̀dà gbígbóná lé e. Tìrìmísíyù, àgbàlagbà tí ó kọ́ ọ ní iṣẹ́, wá yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní kí wọ́n gbé garawa omi mẹ́ta wá, ó dà wọ́n sínú ọkọ̀ náà, ó jókòó tì í títí ó fi jẹ obì kan tán. Omi kò kán jáde.

"Àárẹ̀ mi lórí rẹ kò já sí asán," ni bàbá náà wí.

Gbogbo àwọn tí ó wá wò ó yìn ín. Akanọkọ̀ ni gbogbo wọn. Kò sí ẹni tí ó bi ara rẹ̀ ohun tí ọkọ̀ ilẹ̀ fẹ́ fi irú dídí bẹ́ẹ̀ ṣe.

Nínú oṣù kẹfà, nígbà tí òjò ti rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin, Mùnírátù to agbọ̀n ẹja mẹ́jọ sórí pẹpẹ tí ọkọ rẹ̀ kàn sẹ́yìn jíìpù. Ṣẹ̀rífátù, ẹlẹ́ja ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó ń wò wọ́n.

"Ìyá Kúbúrá, ṣé ẹ ti fi àjẹ̀ ìtukọ̀ sínú rẹ̀?"

"Bí ẹ bá ṣáájú wa dé Ìkòròdú, ẹ bá wa gba àyè lọ́jà."

Kí wọ́n tó dé Àgbówà, odò kékeré kan kọjá lójú ọ̀nà. Àgbàrá òjò ti gbé afárá igi rẹ̀ lọ. Ọkọ̀ akẹ́rù méjì ti dúró síbẹ̀ láti àná, àwọn awakọ̀ wọn sì jókòó lábẹ́ igi, wọ́n ń jẹ àgbàdo sísun. Fàsásì ká ṣòkòtò rẹ̀, ó fi ọ̀pá wá ọ̀nà nínú omi náà. Kò kọjá ìbàdí, iyanrìn ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì le. Ó ti la èyí tí ó burú jù bẹ́ẹ̀ kọjá ní Bọ́mà. Ó padà, ó fi ọkọ̀ sí jíà kìn-ín-ní, ó sì wọ odò.

Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dé àárín nígbà tí ọkọ̀ náà fúyẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Fàsásì mọ ohun tí ó ń ṣe é. Kì í ṣe Bọ́mà ni ó ti mọ̀ ọ́n. Láti kékeré ni. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọkọ̀ tuntun ṣe máa ń rí nígbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tì í kúrò lórí iyanrìn.

"Ẹ̀yìn ń lọ," ni Mùnírátù wí.

"Ó ń léfòó," ni Fàsásì wí.

Táyà ẹ̀yìn ń yí, wọn kò rí ilẹ̀ tẹ̀. Omi gbá ìdí ọkọ̀ náà mú, ó ń yí i sí apá ibi tí odò ti ń ṣàn lọ sí ọ̀sà, agbọ̀n ẹja mẹ́jọ lórí rẹ̀. Fàsásì ń fa ìdarí ọkọ̀ lásán. Mùnírátù mú ṣọ́bìrì tí wọ́n fi ń wa ẹrẹ̀, ó kúnlẹ̀ sí ìdí ọkọ̀ bí ó ti ń kúnlẹ̀ nínú ọkọ̀ omi láti ìgbà tí ó wà lọ́mọdé, ó sì fi í ti ilẹ̀ odò.

"Ẹ má bá a jà. Ẹ jẹ́ kí ó yí. Ó ń padà bọ̀."

Ó tì í, ó tún tì í, títí táyà iwájú fi gé iyanrìn jẹ, tí jíìpù sì fà wọ́n jáde sí etí odò kan náà tí wọ́n ti wọ omi. Ọ̀kan nínú àwọn awakọ̀ náà gbé àgbàdo kúrò lẹ́nu.

"Ẹ̀yin ará Ẹ̀pẹ́, kò wá sí ohun tí ọwọ́ yín tẹ̀ tí ẹ kì í fi tukọ̀?"

Fàsásì mú irin tí ó fi ń lu ihò jáde láti inú àpò iṣẹ́ rẹ̀, ó sì jókòó ti jíìpù náà. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí Tìrìmísíyù kọ́ ọ ni pé irin náà kò gbọdọ̀ kan ìdí ọkọ̀ láé.

"Kí ló dé tí ẹ jókòó?" Mùnírátù béèrè.

"Ó dí jù. Àfi kí omi wọlé kí ó lè wúwo, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè tẹ ilẹ̀. Mo ní láti lu ú."

"Ṣé pákó náà yóò bàjẹ́?"

"Kò ní bàjẹ́. Ṣùgbọ́n kò tún ní di ọkọ̀ omi mọ́."

Mùnírátù fi àtẹ́lẹwọ́ kan pákó bàbá rẹ̀. Ó wo àwọn agbọ̀n ẹja, ó wo òjò tí ó tún ń ṣú bọ̀.

"Ẹ lu ú."

Ihò mẹ́jọ ni Fàsásì lu, méjì ní igun kọ̀ọ̀kan. Ihò àkọ́kọ́ ni ó pẹ́ jù lọ.

"Mo ti sọ ọkọ̀ di ajere," ni ó wí.

"Ajere ni mo fi ń yan ẹja. Òun náà ni ó ń bọ́ wa. Ẹ jẹ́ ká lọ."

Wọ́n tún wọ odò. Omi wọlé, ó dé ọrùn ẹsẹ̀ wọn, ó dé agbede ojúgun, jíìpù náà sì jókòó sórí iyanrìn bí ìyàwó ilé. Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àwọn tí kò bá ara wọn tan, fi ohùn ṣọ̀kan. Nígbà tí wọ́n gun òkè òdìkejì, omi ń tú jáde láti ihò mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Fàsásì pa ẹ̀rọ, ó sì gbé orí lé ìdarí ọkọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, ó ń gbọ́ bí ìyàwó rẹ̀ ti ń ti ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ agbọ̀n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Ó gbẹ," ni Mùnírátù wí. "Gbogbo rẹ̀ ló gbẹ. Àlìhámúdùlílàhì."

Ìgbà náà ni Fàsásì tó bú sẹ́rìn-ín, tí kò sì lè dá a dúró títí wọ́n fi rí òrùlé Àgbówà.

Ọjà Ìkòròdú kò tíì tú nígbà tí wọ́n dé. Ẹja náà tà tán ṣáájú àdúrà ìrọ̀lẹ́, àwọn ẹlẹ́ja mẹ́rin sì bi wọ́n léèrè ọjọ́ tí wọn yóò tún wá, kí jíìpù náà lè máa bá àwọn náà kó ẹrù. Ògúnsànyà, ẹni tí wọ́n sùn sílé rẹ̀, tẹ̀ ba, ó fi àtùpà wo ìdí jíìpù.

"Ta ló yìnbọn fún un?"

"Èmi ni, Bọ̀dá."

"Kò sì kú," ni Ògúnsànyà wí, ó sì lọ ní kí wọ́n gbé oúnjẹ wá fún àlejò.

Fàsásì sùn ní alẹ́ ọjọ́ náà bí kò ti sùn láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀. Ní òwúrọ̀, nígbà tí ó kírun tán, ó ká ẹní rẹ̀, ó gbé garawa, ó sì lọ pọn omi tí yóò bù sí ẹ̀rọ, nígbà tí Mùnírátù ń fọ àwọn agbọ̀n lẹ́bàá kànga.