"Daabi": Ọ̀rọ̀ kan tó gbé mi lọ sí Santasi

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ̀yin ará nínú ẹ̀sìn, ẹ fún mi láyè díẹ̀ lónìí. Mo fẹ́ ròyìn ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo mú mi ṣìnà ní Kùmásì, nígbà tí ẹ̀mí ẹni tí mò ń lọ bá ti fẹ́ bọ́. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun tí kò jẹ́ kí n pẹ́ jù.

Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ilé-kéwú ní Ìlọrin, mo sì rò pé kò sí ohun tí mi ò mọ̀. Ìgbà èwe!

Bàbá mi ní ẹ̀gbọ́n kan ní Kùmásì. Bàbá Kùmásì ni gbogbo ilé ń pè wọ́n. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ń ta aṣọ níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọdún tí ìjọba Gánà ní kí àwọn àlejò máa lọ sí ìlú wọn, bàbá mi kó ẹrù, wọ́n sì mú ìyá wọn wá sílé. Bàbá Kùmásì ní àwọn ń bọ̀ lẹ́yìn. Wọn ò wá. Ìyá ń béèrè àkọ́bí rẹ̀ títí ó fi kú.

Láti ọjọ́ náà ni bàbá mi ti bínú. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ èdè Gánà létí àwọn mọ́. Ẹni tó gbọ́ Twi bí ẹni mu omi! Wọn ò kọ́ wa ní ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Ó lé ní ogún ọdún tí tẹ̀gbọ́n tàbúrò ò fi bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ kan, lẹ́tà dé. Ràmátù, ọmọbìnrin Bàbá Kùmásì, ló ní kí Alùfáà àdúgbò wọn bá òun kọ ọ́. Yorùbá ni, ṣùgbọ́n ọwọ́ ìkọ̀wé Lárúbáwá ni Alùfáà fi kọ ọ́, bí àwọn ará wa ṣe máa ń ṣe. Ó ní àìsàn bàbá òun ti le, orúkọ àbúrò wọn nìkan ló sì wà lẹ́nu wọn.

Bàbá mi ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹsẹ̀ wọn ò gbé wọn rìn mọ́ nígbà náà. Wọ́n pè mí.

"Sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé mo ti forí jì wọ́n. Kí àwọn náà forí jì mí. Má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n kú kó o tó débẹ̀ o."

Omi sì lé ròrò sí wọn lójú. Ǹjẹ́ ẹ mọ̀ pé mi ò rí omijé bàbá mi rí ṣáájú ọjọ́ náà?

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹrin tí mo ti kúrò nílé, mo sọ̀ ní Kejetia, ní Kùmásì. Háà! Ọjà ni, ibùdókọ̀ ni, orí èèyàn ló kún ibẹ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Sawaba ni mò ń lọ, níbi tí Bàbá Kùmásì ń gbé. Mi ò gbọ́ Twi, Gẹ̀ẹ́sì mi ò sì tó nǹkan. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Èmi béèrè o!

Mo lọ bá ọkùnrin kan tó ń pe èrò sínú trotro, ìyẹn àwọn ọkọ̀ tí wọ́n fi ń kérò nínú ìlú náà. Mo ní, "Sawaba?"

Ó ní, "Daabi!" Ó sì yíjú sí ẹlòmíràn.

Etí tèmi gbọ́ "dàbí". Inú mi dùn! Mo ní ọmọ Yorùbá bíi tèmi rèé. Ó dàbí bẹ́ẹ̀, ó jọ bẹ́ẹ̀, àbí kí ni wọ́n tún ń pè ní dàbí? Ọwọ́ rẹ̀ ló dí tó fi gé ọ̀rọ̀ kúrú. Mo wọlé.

Obìnrin kan jókòó tì mí, ó gbé agbọ̀n tòmátì lé ẹsẹ̀. Kí ọkàn mi lè balẹ̀, mo tún bi òun náà: "Sawaba?"

"Daabi o! Daabi!"

Ẹ̀ẹ̀mejì! Mo ní Alhamdulillah, àwọn ará wa ló kún inú ọkọ̀ yìí. Mo bá kí i dáadáa: "Ẹ kú ọjà o, Ìyá wa. Ọlọ́hun á bù sí i."

Ó wò mí bí ẹni rí ewúrẹ́ tó ń fọhùn. Ó sọ̀rọ̀ gígùn kan fún ọkùnrin tó pe èrò náà, ó sì na ìka sẹ́yìn. Mo wẹ̀yìn, mo rò pé ẹrù rẹ̀ ló ń fi hàn. Onítọ̀hún fèsì, gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Ta ló mọ̀ pé èmi ni wọ́n ń bá wí!

Ibi tí ọkọ̀ já wa sí, kò sí mọ́ṣáláṣí, kò sí ìkankan nínú àmì ilé wọn tó wà nínú lẹ́tà Ràmátù. Mo lọ fi lẹ́tà náà han káfíńtà kan tó ń fá pákó níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Bó ṣe rí ọwọ́ ìkọ̀wé náà, ó fò sẹ́yìn, ó kó ọwọ́ méjèèjì pamọ́. Ó rò pé tírà ni! Ìmọ̀ tí mo fi ń yangàn ní Ìlọrin, ó ti di ohun tí wọ́n ń sá fún.

Oòrùn ti kúrò ní àárín orí. Mo jókòó sórí pákó. Ẹkún gbọ̀n mí. Mo ní, "Ọlọ́hun, má jẹ̀ẹ́ kí n máa jẹ́ iṣẹ́ bàbá mi fún òkú."

Káfíńtà náà ò lè wò mí níran. Kristẹni ni, kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì wà lára ògiri rẹ̀. Síbẹ̀, ó kọjá títì, ó lọ mú Mállàm kan wá, ọmọ Hausa tó ń rán bàtà. Ọlọ́hun má ṣàì san án fún un.

Mállàm sálámà sí mi. Kò gbọ́ Yorùbá inú lẹ́tà, ṣùgbọ́n ó lè kà á, ojú rẹ̀ sì bọ́ sórí orúkọ àdúgbò náà.

"Sawaba? A'a! Nan Santasi ne!"

Santasi nibí, kì í ṣe Sawaba! Mo fi Lárúbáwá ilé-kéwú ṣàlàyé fún un pé mo béèrè, wọ́n sì dá mi lóhùn. Ó ní kí ni wọ́n wí. Mo ní, "Dàbí."

Mállàm rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú. Ó ní, "Daabi, laa! Daabi, laa!"

Laa! Rárá! Gbogbo ọ̀nà ni wọ́n ti ń sọ fún mi pé rárá, tí èmi sì ń ṣàdúà fún wọn.

Mállàm kó abẹ́rẹ́ rẹ̀ sínú àpótí, ó wọkọ̀ tẹ̀lé mi padà sí Kejetia, ó sì mú mi dé ẹnu ọ̀nà ilé ní Sawaba. Ẹni tí kò mọ̀ mí rí! Ní gbogbo ọ̀nà, mò ń wí lábẹ́ ètè, bí ẹni ń há Kùránì sórí: daabi, rárá; daabi, rárá.

Wọ́n ń pe ìrun Àlàásárì nígbà tí a dé. Mo pe orúkọ Ràmátù lẹ́nu ọ̀nà, mo ní Ìlọrin ni mo ti wá. Ó sáré jáde.

"Ei, àbúrò mi! Bra, bra, máa bọ̀! Bàbá ṣì wà. Ìwọ la ti ń retí!"

Bàbá Kùmásì wà lórí ẹní, wọ́n ti gbẹ bí igi. Ràmátù sọ sí wọn létí pé ọmọ àbúrò wọn ti Ìlọrin dé. Wọ́n lajú. Wọn ò béèrè ọ̀nà, wọn ò béèrè ará ilé.

"Ṣé inú ń bí i sí mi síbẹ̀?"

Láti Ìlọrin ni mo ti há iṣẹ́ bàbá mi sórí, pẹ̀lú hádíìsì tí mo fẹ́ fi gbè é lẹ́yìn. Gbogbo rẹ̀ fò lọ. Ọ̀rọ̀ kan ló kù lẹ́nu mi.

Mo ní, "Daabi."

Wọ́n ní, "Ta ló kọ́ ẹ ní Twi? Òun ni?"

Mi ò lè purọ́ fún ẹni tó ń lọ bá Ẹlẹ́dàá rẹ̀. Mo ní, "Ọ̀nà ló kọ́ mi, Bàbá. Ṣùgbọ́n bàbá mi ló rán mi. Wọ́n ní àwọn ti forí jì yín, kí ẹ̀yin náà forí ji àwọn."

Wọ́n ní, "Mo ti forí jì í tipẹ́. Ojú Ìyá ló ń tì mí."

Wọ́n di ọwọ́ mi mú títí oòrùn fi wọ̀. Lọ́jọ́ kejì, kí ìrun Àyílà tó tó, Ọlọ́hun gba ẹ̀mí wọn. Mo wà lára àwọn tó kírun sí wọn lára.

Nígbà tí mo délé, mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún bàbá mi. Mo rò pé ọ̀rọ̀ trotro yóò pa wọ́n lẹ́rìn-ín díẹ̀. Wọ́n kàn sorí kọ́ ni. Wọ́n ní, "Ìbínú mi ló gbé ẹ lọ sí Santasi." Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n kó gbogbo wa jọ, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wa ní Twi. "Aane" ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹ̀kọ́ tèmi rèé: ìbínú tí a bá tọ́jú sínú ilé, àwọn ọmọ wa ló máa ń ṣìnà nínú rẹ̀. Bí ọkùnrin tí kò mọ̀ wá rí bá sì ń kó abẹ́rẹ́ rẹ̀ sínú àpótí nítorí wa, ẹ jẹ́ ká mọ ẹni tó rán an.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ọ̀rọ̀ wo ló ti ṣì yín lọ́nà rí ní ìlú onílùú? Ta ló mú yín délé? Ẹ sọ fún wa, ká jọ dúpẹ́. Bí ẹnì kan bá sì wà níbì kan tó ń béèrè bóyá inú ṣì ń bí yín, ẹ tètè ránṣẹ́ sí i. Ọ̀nà jìn, èrò sì pọ̀ ní Kejetia.