Ọ̀dà Pupa Lórí Irin Tó Ti Là

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló gbé ayùn ẹlẹ́ńjìnnì náà wá sí ìsọ̀ mi nítòsí ojú irin l'Ọ̀fà, kò tíì pẹ́ púpọ̀ tí a gba òmìnira. Kẹ̀kẹ́ ni mo máa ń kùn nígbà náà, àti bẹ́ẹ̀dì onírin, àti ohunkóhun tó bá ti ń dípẹtà. Ẹ̀gbọ́n mi ń ta pákó. Ó ra ayùn náà ní àlòkù lọ́wọ́ àwọn agégi kan lọ́nà Ìbàdàn, ó sì fẹ́ tà á bíi tuntun.

"Kùn ún kó dán," ló wí. "Mo ti rí ẹni tó máa rà á."

Mo tú àwọn irin ara rẹ̀, mo fi kẹrosíìnì fọ girísì kúrò, mo wá ń fi sáńpépà ha ọ̀dà àtijọ́. Nígbà tí mo dé ibi tí irin ìdìmú ti so mọ́ ẹ́ńjìnnì, ọwọ́ mi kan ohun kan tó rọ̀. Ọṣẹ ni. Ẹnì kan ti fi ọṣẹ dí ojú ibi tí irin ti là, ó sì fi ọ̀dà bò ó. Bí irin yẹn bá kán mọ́ agégi lọ́wọ́, orí itan rẹ̀ ni ayùn máa bọ́ sí.

Mo sáré lọ fi han ẹ̀gbọ́n mi. Kò wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

"Mo mọ̀. Kí lo rò pé mo ṣe gbé e wá fún ẹ?"

"Ẹ jẹ́ ká gbé e fún àwọn tó ń jó irin."

"Ṣé ìwọ lo bí mi ni?"

Òun ló gba ìsọ̀ fún mi. Mo kùn ún. Ó pupa fòò. Bí iṣẹ́ náà ṣe dára tó gan-an ló ń bí mi nínú.

Lọ́jọ́ tó gbẹ, ẹni tó fẹ́ rà á dé láti Ẹ̀rìn-Ilé, bàbá àgbàlagbà kan. Ó fọwọ́ pa irin náà, ó rẹ́rìn-ín sí mi.

"O káre, ọmọ mi. Iṣẹ́ rẹ mọ́."

N kò mọ ìgbà tí mo mú ọ̀bẹ. Mo ha ọ̀dà náà lójú wọn títí ọṣẹ fi jáde.

"Bàbá, ẹ wò ó."

Ẹ̀gbọ́n mi gbá mi létí. "Torí ará Ẹ̀rìn-Ilé tó ń bá wa jà sí ilẹ̀ lo ṣe dójú tì mí?"

Bàbá náà wo ibi tó là, ó wo ẹ̀gbọ́n mi, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ọjọ́ náà gan-an ni mo kó ẹrù mi kúrò ní ìsọ̀. Ìyá wa wá ń sunkún, wọ́n ní kí n lọ bẹ̀ ẹ́, pé àbúrò kì í tú àṣírí ẹ̀gbọ́n. Mo lọ. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ẹni tó fẹ́ pa ènìyàn. Etí tí ó gbá ti sàn tipẹ́. Ìdọ̀bálẹ̀ yẹn ni n kò tíì dárí rẹ̀ ji ara mi.

Ẹ̀gbọ́n mi gbé ayùn náà fún ẹlòmíràn kùn. Wọ́n rà á. Mo béèrè títí dé Ilemona, n kò rí ẹni tó lè sọ fún mi ẹni tó gbé e lọ.