Púlọ́ọ̀gì Tó Gùn Jù

Ibà mú ọmọ tí mo pọ̀n ní oko wa lẹ́yìn Ìjẹdé, ara rẹ̀ gbóná bí iná. Katakata àtijọ́ ọkọ mi nìkan ló lè gbé wa dé ọsibítù ní Ìkòròdú, kò sì fẹ́ sítáàtì. Ọkọ mi tú púlọ́ọ̀gì tó ń ṣáná sínú ẹ́ńjìnnì, ó sì mú tuntun jáde. Mo fi í wé ti àtijọ́. Ó gùn jù ú lọ.

“Bàbá ọmọ mi, ẹ jọ̀ọ́, èyí á gún inú ẹ́ńjìnnì!”

“Akọ̀wé! Ìwọ náà ti di mẹkáníìkì?”

Ṣùgbọ́n ó gbé e sílẹ̀. Mo ki ti àtijọ́ bọ ẹ̀yinná ìdáná mi títí èérí dúdú ara rẹ̀ fi jóná tán. Ọkọ mi dè é padà, ó yí irin iwájú tí a fi ń jí ẹ́ńjìnnì. Bí katakata ṣe bú ramúramù ni ọmọ tó ti ń ké lẹ́yìn mi dákẹ́. Mo na ọwọ́ sẹ́yìn kan imú rẹ̀: ó ń mí.

“Ẹ jẹ́ ká lọ!”