Ọkọ̀ Mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún ní Kíláàsì Kadammanja

Tíṣà Wyson Kadammanja kì í rìn, ńṣe ló máa ń yan. Ọjọ́ mẹ́ta péré ló lò níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ní Lilongwe, ṣùgbọ́n láti ìgbà tó ti padà sí ilé-ìwé wọn létí adágún Malawi, kò jẹ́ kí etí ẹnikẹ́ni sinmi. Ohun tó kọ́ bọ̀ ò ju gbólóhùn méjì lọ, ó sì ń fi wọ́n kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin bí ẹni ń kọ́ ayékòótọ́.

"Bẹ́ẹ bá rí 'kọ̀ọ̀kan' nínú ìbéèrè, ẹ sọ ọ́ di púpọ̀! Bẹ́ẹ bá rí 'pín', ẹ pín in!"

"Bí ìbéèrè ọ̀hún ò bá yé wa ńkọ́, sà?" Fainesi ló bi í, ọmọ kan tí bàbá rẹ̀ ń fi ọkọ̀ ojú omi kó èèyàn.

"Ta ló ní kó yé ọ? Ṣírò, jàre."

Nígbà tí Màmá Nyasulu, alábẹ̀wò ilé-ìwé, dé, Kadammanja nawọ́ sí àwọn ọmọ rẹ̀ bí ẹni ń fi ẹrù hàn. Màmá ní, "Èèyàn mẹ́rìnlélógún fẹ́ sọdá sí erékùṣù. Ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ń gba èèyàn mẹ́rin. Ọkọ̀ mélòó ni wọ́n máa wá?"

"Mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún!" Kíláàsì hó gèè. Kadammanja pàtẹ́wọ́.

Àfi Fainesi tó bú sẹ́rìn-ín. "Á jẹ́ pé ẹnì kan máa wọ ọkọ̀ mẹ́rin! Ọwọ́ méjì, ẹsẹ̀ méjì, kálukú nínú tiẹ̀!"

"Jókòó! Ìwé là ń kà níbí, kì í ṣe odò!"

"Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́," ni Màmá wí.

"Mẹ́fà ni, Màmá. Bí bàbá mi bá kó mẹ́rin-mẹ́rin nígbà mẹ́fà, mẹ́rìnlélógún pé. Bí mo bá sì pín mẹ́rìnlélógún sí mẹ́rin-mẹ́rin, mẹ́fà náà ni. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, ibi tá a ti wò ó ló yàtọ̀."

Màmá yíjú sí tíṣà. "Ó yá, ẹ̀yin náà ẹ sọ ìtàn kan fún wa tó bá mẹ́rìnlélógún tá a pín sí ọ̀nà mẹ́fà mu."

Òógùn bo Kadammanja. "Mo ní... ápù mẹ́rìnlélógún. Ọmọ mẹ́fà jẹ ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Mélòó ló kù?"

"Méjìdínlógún!" Fainesi ló dáhùn. "Ìyọkúrò nìyẹn, sà!"

Màmá kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀, ó pẹ́ lórí ẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, Kadammanja ò fọwọ́ kan nsima, òkèlè àgbàdo tí ìyàwó rẹ̀ gbé síwájú rẹ̀. Ó bu ẹ̀wà tí wọn ò tíì sè, ó ń tò ó ní mẹ́rin-mẹ́rin, ó ń tú u ká, ó tún ń tò ó. Nígbà tó yé e, ojú tì í ju ti ìgbà tí kò yé e lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó yan wọ kíláàsì. "Ẹ̀yin ọmọ, mo kàn ń dán yín wò lánàá ni."

"A dúpẹ́, sà," wọ́n fohùn ṣọ̀kan.

Fainesi nawọ́ sókè. "Ẹ kú orí ire, sà. Ṣé ẹ yege?"

Kadammanja ò nà án. Ó ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ mú ìtàn ìṣirò wá láti ilé: ti ẹja, ti ẹní, ti ohun tó bá wù ú. Wọ́n mú un wá, wọ́n sì mọ̀ ọ́n ṣe. Nígbà tí àwọn tíṣà ilé-ìwé mìíràn wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, Kadammanja yan síwájú wọn, ó ní orí òun ló ti wá.