Ará Kétu Tó Di Kóòṣì ní Kabba

Ìwé Faransé ni mo wá kọ́ àwọn ọmọ ní Kabba, n kò wá kọ́ ẹnikẹ́ni ní bọ́ọ̀lù. Ọmọ Kétu ni mí, Kétu ti ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, níbi tí a ti ń sọ Yorùbá nílé tí a sì ń fi Faransé kàwé. Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ní ẹ̀gbọ́n ọkọ tó jẹ́ pírínsípà ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Kabba. Olùkọ́ Faransé tó wà níbẹ̀ ti fẹ̀yìn tì, wọn kò sì rí ẹlòmíràn. Mo di ẹrù mi, mo kọjá ẹnubodè, mo sùn ní Àkúrẹ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ọkọ̀ já mi sílẹ̀ ní gáréèjì Kabba, àwọn òkè sì yí mi ká.

Mo ti sọ fún ìyá mi pé bí mo ṣe ń lọ yìí, n kò lọ sí ìdálẹ̀, nítorí Yorùbá kan náà ni gbogbo wa ń sọ. Ọlọ́kadà tó gbé ẹrù mi ló kọ́kọ́ là mí lóye. Ó ní, "Okun o." Mo rò pé okùn tó fẹ́ fi di àpótí mi ló ń bèèrè.

Mo ní, "N kò ní okùn kankan o."

Ó rẹ́rìn-ín débi pé ó ní láti pa máṣíìnì rẹ̀. "Àǹtí, mo ń kí yín ni!"

Kí oṣù kan tó pé, èmi náà ti ń dáhùn "okun" láìronú. Ṣùgbọ́n bí àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ Owé, ẹ̀ka èdè Kabba, láàárín ara wọn, tí ọ̀rọ̀ náà bá ń sáré, ìdajì ni mò ń gbọ́. Mo máa ń dúró kí wọ́n rẹ́rìn-ín kí n tó rẹ́rìn-ín tèmi. Àwọn náà ń fi èdè mi ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀kan nínú wọn ní ó dàbí ìgbà tí èèyàn bá fi imú sọ Yorùbá. Inú mi kì í bàjẹ́ sí i, àmọ́ tí iléèwé bá ti parí, tí kálukú bá ti gba ilé rẹ̀ lọ, àárò ilé á gbé mi. N kò mọ ẹni tí mo lè lọ jókòó tì.

Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń pẹ́ ní iléèwé. Mo máa ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí n máa wo àwọn ọmọkùnrin bí wọ́n ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù. Àwọn ọmọbìnrin a wà lábẹ́ igi kaṣú, wọn a máa ṣọ́ bàtà àti báàgì àwọn ọkùnrin. Ní ọjọ́ kan, bọ́ọ̀lù yí dé ẹsẹ̀ mi. Nígbà tí mo wà ní girama, hándíbọ́ọ̀lù ni mo gbá fún ọdún mẹ́fà, eré tí à ń fi ọwọ́ ju bọ́ọ̀lù sílé dípò ká fi ẹsẹ̀ gbá a. Mo gbé bọ́ọ̀lù náà, mo sá ìgbésẹ̀ mẹ́ta, mo fò, mo sì jù ú. Ó fò kọjá lórí gbogbo wọn, ó sì wọ inú ilé góòlù.

Ariwo sọ lábẹ́ igi kaṣú. Kí n tó jókòó padà, àwọn ọmọbìnrin náà ti yí mi ká. "Madam, ẹ kọ́ wa! Ẹ kọ́ wa bí ẹ ṣe ṣe é!"

Mo tọ pírínsípà lọ ní ọjọ́ kejì. Èèyàn pẹ̀lẹ́ ni. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ní, "Ta ló máa gbá a?"

Mo ní, "Àwọn tó ń ṣọ́ bàtà ni, sà."

Ó wò mí díẹ̀, ó ní kí n máa lo apá kan pápá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń pè mí ní Kóòṣì.

Wọ́n lè sáré, àwọn ọmọ náà. Ohun tí wọn kò lè ṣe ni kí wọ́n gba bọ́ọ̀lù mú. Tí bọ́ọ̀lù bá ti ń bọ̀, wọn a di ojú, wọn a gan ọwọ́ bí igi, bọ́ọ̀lù a sì ta padà. Mo pariwo, mo ṣàlàyé, mo tún pariwo. Mo fi Faransé bú wọn nígbà mìíràn, kí wọ́n má baà gbọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kọjá, kò sí ìyàtọ̀.

Ọjọ́ ọjà ni mo wá rí ohun tí mò ń wá. Mo fẹ́ ra iṣu. Ọkọ̀ akẹ́rù kan dúró, wọ́n ń já iṣu sílẹ̀ nínú rẹ̀. Ọkùnrin kan wà lókè ọkọ̀ tó ń ju iṣu sísàlẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, obìnrin kan wà nílẹ̀ tó ń gbà á, tó ń jù ú fún ọmọ rẹ̀, ọmọ náà ń tò ó sílẹ̀. Iṣu ńláńlá ni o. Ìkankan kò jábọ́. Nígbà tí ọmọ náà yíjú, mo rí i pé ọ̀kan nínú àwọn ọmọ mi ni, èyí tó jẹ́ pé tí mo bá ju bọ́ọ̀lù sí i, ńṣe ló máa ń yẹra.

Mo kí ìyá rẹ̀, mo bi í bó ṣe ń ṣe é tí iṣu kì í fi já lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó nu òógùn ojú. "Ẹni tó bá gan ọwọ́ pàdé iṣu, iṣu á ṣẹ́ ẹ níka. Ẹ jẹ́ kó dé ọwọ́ yín, kí ẹ bá a lọ sẹ́yìn díẹ̀, kí ẹ tó dì í mú." Ó na ọwọ́ méjèèjì, ó fà wọ́n mọ́ àyà, bí ìgbà tí wọ́n bá gbé ọmọ tuntun fún èèyàn.

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó wá sí pápá. Ó kọ́kọ́ rò pé mò ń ṣàwàdà. Ṣùgbọ́n ní Ọjọ́bọ̀, ó dé, ó ti so ìró rẹ̀ le, ó gbé iṣu kan lọ́wọ́. Iṣu gidi ló fi bẹ̀rẹ̀. Ó tò wọ́n ní méjìméjì, ó ní, "Ẹni tó bá jẹ́ kí iṣu mi fọ́ á wá bá mi tà á." Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Ní wákàtí kan, ó ti kọ́ wọn ní ohun tí mo fi oṣù kan pariwo lé lórí. Nígbà tí a gbé iṣu kalẹ̀ tí a gbé bọ́ọ̀lù, ọmọ rẹ̀ gba bọ́ọ̀lù mẹ́wàá léra wọn láìsí èyí tó já.

Inú mi dùn jù, mo sì yára jù. Mo kọ̀wé sí ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Ifẹ̀-Olúkòtún tó ti ń gbá hándíbọ́ọ̀lù ṣáájú wa, wọ́n ní ká wá. Ọjọ́ ọjà bọ́ sí ọjọ́ náà, ìyá oníṣu kò lè bá wa lọ. Àwọn ọmọ Ifẹ̀-Olúkòtún lù wá bí ẹni ń lu bàrà. Góòlù mọ́kànlá ni wọ́n jẹ, ẹyọ kan ni tiwa. Ìtìjú mú mi. Nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, ọmọbìnrin oníṣu yìí ló kù pẹ̀lú aṣọ́lé wọn nìkan, wọ́n ju bọ́ọ̀lù sí i, ó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo kígbe láti ẹ̀gbẹ́ pápá, gbogbo èèyàn sì gbọ́: "Ọwọ́ rẹ ti kú ni?"

Ó dúró gbagidi. Ó wo ọwọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló rìn jáde nínú pápá, ó lọ wọ inú bọ́ọ̀sì, ó sì ń sunkún. Ní gbogbo ọ̀nà tí a fi padà sí Kabba, kò sí ẹni tó bá mi sọ̀rọ̀.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kò wá. Àwọn márùn-ún mìíràn kò wá. Ní Ọjọ́bọ̀, ọmọ mẹ́ta péré ni mo bá ní pápá. Ọ̀kan nínú wọn ló rọra sọ fún mi pé, "Kóòṣì, ẹ lọ sílé wọn."

Mo lọ lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́, nítorí mo ti gbọ́ pé mùsùlùmí ni bàbá rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ṣọ́ọ̀ṣì ni ìyá ń lọ. Bàbá náà wà lórí àga níwájú ilé, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ká ẹní ìrun rẹ̀. Ọwọ́ kan ló fi ń ká a. Nígbà tí mo kúnlẹ̀ kí i, ó na ọwọ́ òsì sí mi.

"Ẹ má bínú o," ni ó wí, "ọwọ́ òsì ni mo fi ń kí àlejò báyìí. Àìsàn mú ọ̀tún lọ láti ọdún méjì sẹ́yìn." Ọwọ́ ọ̀tún náà wà lórí itan rẹ̀, kò mira.

N kò lè dìde. Ìgbà yẹn ló yé mi ìdí tó fi jẹ́ pé ìyá àti ọmọ ló ń já iṣu. Oko bàbá ni iṣu náà ti ń wá rí, kí ọwọ́ tó ń kọ ebè tó dákẹ́.

Mo ní, "Bàbá, èmi ni mo sọ ọ̀rọ̀ burúkú sí ọmọ yín. Mo wá tọrọ àforíjì."

"A ti gbọ́. Ẹ kò mọ̀. Ẹni tí kò mọ̀, à ń sọ fún un ni. Ẹ dìde, ẹ jókòó."

Ìyá gbé kúnú tútù wá fún mi. Kò fi ìbínú hàn sí mi, ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín pẹ̀lú. Ọmọ náà jáde, ó dúró sí ẹnu ọ̀nà. Ó ní, "Kóòṣì, kì í ṣe torí ara mi ni mo ṣe sunkún."

Mo ní mo ti mọ̀.

Bàbá rẹ̀ tún wò mí. "Ẹ jẹ́ n bi yín léèrè ọ̀rọ̀ kan. Níbi tí ẹ ti kọ́ eré yìí, ṣé báyẹn ni wọ́n ṣe máa ń sọ̀rọ̀ sí yín?"

"Báyẹn ni, Bàbá."

"Ṣé ó dùn mọ́ yín?"

N kò retí ìbéèrè yẹn. Mo rántí ọkùnrin tó kọ́ wa ní Kétu, bó ṣe máa ń pè wá ní ewúrẹ́. Mo rántí ọjọ́ tí mo bọ́ bàtà eré mi, tí mo fi fún àbúrò mi, tí mo sọ fún gbogbo èèyàn pé ẹ̀kọ́ ìwé ni kò jẹ́ kí n ráyè. Kì í ṣe ìwé. Ẹnu ọkùnrin yẹn ló lé mi kúrò ní pápá.

Mo ní, "Kò dùn mọ́ mi. Òun ló jẹ́ kí n fi eré náà sílẹ̀."

Bàbá náà mi orí. "Kí ló wá dé tí ẹ gbé e rìn láti Kétu dé ibí?"

Mo mu kúnú mi.

Kí n tó lọ, ó ní kí n jẹ́ kí òun rí bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń sọ. Mo yọ ọ́ nínú báàgì. Ọmọ rẹ̀ rọra jù ú sí i, ó fi ọwọ́ òsì gbà á mọ́ àyà, gẹ́gẹ́ bí ìyàwó rẹ̀ ṣe ń gba iṣu. Ó wá rẹ́rìn-ín, èyí àkọ́kọ́ láti ìgbà tí mo dé. Ó ní àwọn dókítà ti sọ pé kí òun máa wá nǹkan tí ọwọ́ ọ̀tún á máa gbìyànjú láti dì mú, ṣùgbọ́n ohun tí òun rí kò wu òun. Mo fi bọ́ọ̀lù náà sílẹ̀ fún wọn. Látìgbà yẹn, ọmọ náà ló ń gbé e lọ sílé ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, tó ń gbé e padà wá ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Níwájú gbogbo wọn ni mo ti tọrọ àforíjì ní pápá, nítorí níwájú gbogbo wọn ni mo ti sọ ọ́. Wọ́n padà wá díẹ̀díẹ̀. Mo kọ́ bí mo ṣe lè pa ẹnu mọ́, kò sì rọrùn. Tí ọmọ kan bá ṣìṣe, mo máa ń bi í pé, "Kí lo rí?" Á sọ ohun tó rí fún mi, èmi náà á sọ tèmi. Ó yà mí lẹ́nu pé nígbà púpọ̀ ọmọ ló máa ń jàre.

Lẹ́yìn ọdún Kérésìmesì, Ifẹ̀-Olúkòtún wá bá wa gbá a ní Kabba. Ọyẹ́ ṣì mú, erùpẹ̀ ń fẹ́ lórí pápá. Ìyá oníṣu pa ìsọ̀ rẹ̀ dé lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Òun àti àwọn obìnrin ọjà mẹ́ta ló gbé bàbá wá lórí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n sì gbé àga rẹ̀ kalẹ̀ síbi tí òòrùn kò ti ní pa á. A jẹ góòlù, wọ́n jẹ, a tún jẹ. Nígbà tó kù ìṣẹ́jú bíi méjì, wọ́n fi ẹyọ kan ṣíwájú wa. Aṣọ́lé wa gba bọ́ọ̀lù, ó jù ú gígùn, ọmọbìnrin oníṣu náà gbà á bó ṣe ń sáré, ó gbé ẹsẹ̀ mẹ́ta, ó sì rán an wọlé lábẹ́ apá aṣọ́lé wọn.

Ọ̀mì ni. Góòlù mẹ́sàn-án sí mẹ́sàn-án. Bí ẹni tó bá kọjá lójú títì bá gbọ́ ariwo wa, á rò pé a ti gba ife ẹ̀yẹ gbogbo ìpínlẹ̀. Pírínsípà ń fò. Àwọn ọmọ Ifẹ̀-Olúkòtún gan-an ń bá wa rẹ́rìn-ín. Bàbá kò pariwo, ṣùgbọ́n ó ń fi ọwọ́ òsì gbá itan rẹ̀ léraléra, ìyàwó rẹ̀ sì di èjìká rẹ̀ mú.

Ọdún kan ni àdéhùn èmi àti pírínsípà nígbà tí mo dé. Ó ti di ọdún mẹ́ta. Nígbà tí ìyá mi bá pè láti Kétu, tó bá bi mí pé ìgbà wo ni mò ń bọ̀, mo máa ń sọ fún un pé ní àsìkò ìsinmi, mo sì máa ń lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n mo máa ń padà. Ọmọbìnrin oníṣu ti wà ní kíláàsì tó gbẹ̀yìn. Ó ní iṣẹ́ olùkọ́ eré ìdárayá lòun fẹ́ lọ kọ́.

Ní oṣù tó kọjá, olùkọ́ obìnrin kan láti Òkè-Bùkún ránṣẹ́ pé àwọn ọmọ tòun náà fẹ́ mọ hándíbọ́ọ̀lù gbá. Mo mú mẹ́rin nínú àwọn ọmọ wa lọ. Mo ti múra ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n kí n tó la ẹnu, wọ́n ti pín àwọn ọmọ ibẹ̀ láàárín ara wọn, wọ́n ti ń fi èdè wọn ṣàlàyé, èdè tí n kò gbọ́ tán títí di òní. Mo wá òkúta kan lábẹ́ igi máńgòrò, mo jókòó, mo sì ń wò wọ́n.