Oògùn Ọkàn Aláìsàn Bẹ́ẹ̀dì Kẹfà

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Àwa mẹ́rin la wà nídìí bẹ́ẹ̀dì kẹfà: Sístà tó jẹ́ ọ̀gá wa, èmi tí mo ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, bàbá àgbẹ̀ kan láti Iyansan tí ọkàn rẹ̀ kò lágbára, àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń gbé oúnjẹ wá fún un lójoojúmọ́. Ẹ̀gbọ́n ló ń bì. Aláìsàn ló bá a di bàsíà mú.

Nígbà náà, mo mọ oògùn. Mi ò sọ ọ́ láti fi yangàn. Irùngbọ̀n ti kún àgbọ̀n mi kí n tó jókòó ní kíláàsì kìn-ín-ní, nítorí náà, ohun tí mo bá kà, mo máa ń há a sórí bí ẹni pé wọ́n fẹ́ gbà á padà. Sístà ti kọ orúkọ àwọn oògùn tí nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ mọ̀ fún wa. Nírọ̀lẹ́, ìyàwó mi, tó ti di olóògbé báyìí, á di ìwé náà mú, á ní kí n kà á lórí. Kò mọ̀wé. Ẹnu mi ló ń wò. Bí mo bá dúró díẹ̀, á ní, "O ò tíì mọ̀ ọ́n."

Èyí tí mo mọ̀ jù ni dígọ́sìn, oògùn ọkàn. Hóró kékeré kan láàárọ̀. Kọ́kọ́ ka bí iṣan ọrùn ọwọ́ aláìsàn ṣe ń lù fún odidi ìṣẹ́jú kan. Bí kò bá pé ọgọ́ta, má fún un.

Fún ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo ka ti bàbá náà. Iṣan rẹ̀ ń sáré bákan náà láràárọ̀, mo sì rò pé ìyẹn dára. Mo ń gbé hóró lé e lọ́wọ́, á ní, "Ẹ ṣé o, dókítà," mo ń kọ ọ́ sínú ìwé pé ó ti gbé e mì. Ta ni wọ́n ń pè ní dókítà tí yóò tún dúró máa wo ẹnu àgbàlagbà? Síbẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò yéé wú, kò sì lè mí dáadáa. Dókítà gidi ti ní bí oògùn ò bá ràn án títí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kí ẹbí máa gbé e lọ sílé. Kò sẹ́ni tí kò mọ ohun tí wọ́n ń gbé e lọ ṣe nílé.

Sístà di ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mú. Ó kà á. Ó wojú mi.

"Méjìlélógójì. Bàbá, kí lẹ jẹ?"

"Pùpùrù àti ọbẹ̀ ẹja ni. Ṣùgbọ́n láti àná ni nǹkan ti ń pọ́n rúsúrúsú lójú mi. Aṣọ funfun yín yìí, bí ìyeyè ló rí."

Èébì àti ojú tó ń rí rúsúrúsú: àmì pé dígọ́sìn ti pọ̀ jù lára èèyàn ni. Sístà yíjú sí aláìsàn. "Oògùn yín dà?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ti lò ó."

"Kí lẹ wí?"

"Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, Sístà. Oògùn tó ti òkè òkun wá, tí dókítà yìí á kọ́kọ́ di ọwọ́ mi mú kó tó fún mi. Kí n wá dá a jẹ, kí ẹ̀gbọ́n mi má tọ́ ọ wò? Ta ló tọ́ mi báyẹn?"

"Gbogbo rẹ̀?"

"Ó ní kí a pín in. Hóró náà kéré jù, kò ṣeé pín."

Ẹ̀gbọ́n gbé orí sókè nínú bàsíà. "Ó korò," ó wí, "ṣùgbọ́n ọmọ ìyá mi ni. Mi ò lè kọ̀ ọ́ fún un."

Sístà ní, "Ìwọ alákọ̀wé, ibo ni wọ́n kọ ọ́ sí pé kí o gbé oògùn lé èèyàn lọ́wọ́ kí o máa lọ?"

"Kò sí níbẹ̀, mà."

"Ṣé ojú ẹ náà ò sí níbẹ̀ ni?"

A tẹ́ ẹ̀gbọ́n sórí bẹ́ẹ̀dì keje. Dókítà gidi ní kó má fẹnu kan oògùn ọkàn mọ́, kí a máa ṣọ́ ọ. Mo bẹ aláìsàn pé kó gbé tirẹ̀ mì lọ́la, torí òun gan-an ni ikú ń wá. Ó ní òun ti gbọ́. Ó wá wo bẹ́ẹ̀dì keje. "Ṣùgbọ́n, dókítà, kí ẹ̀gbọ́n mi dùbúlẹ̀ síbẹ̀ yẹn lọ́wọ́ òfo, kí n máa jẹ oògùn níṣojú rẹ̀?"

Mo lọ bá Sístà. Ó rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà, ó sì fún mi láṣẹ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, aago mẹ́fà, mo wọ wọ́ọ̀dù. Iye tí ọkàn ẹ̀gbọ́n ń lù ti lọ sókè díẹ̀. Òun ni mo kọ́kọ́ fún, nítorí òun ló dàgbà: hóró yíìsì kan tí kò lè pa á lára, irú èyí tí à ń fún ọmọ tí kò fẹ́ jẹun. Ó gbé e mì, ó ní ti òní dára ju ti àná lọ. Ìgbà náà ni mo ka ti àbúrò, mo fún un ní dígọ́sìn rẹ̀ àti omi. Mo ní kó ya ẹnu. Ó yà á. Mo wo abẹ́ ahọ́n rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo kọ ọ́ sínú ìwé.